Ọkọ mi ní Flintoff ni, ọmọ mi ní ìṣirò kò gbà: ta ni ká gbọ́?

Ìbéèrè:

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. England níbí la wà. Ọmọkùnrin mi ti pé ọdún 14, kíríkẹ́ẹ̀tì sì ti gba gbogbo ọkàn rẹ̀. All-rounder ló fẹ́ dà, ìyẹn ẹni tó mọ bat lò tó sì tún mọ bọ́ọ̀lù jù. Látìgbà tí iléèwé ti gba ìsinmi lòun àti bàbá rẹ̀ ti ń fa ọ̀rọ̀ kan mọ́ra wọn lọ́wọ́. Bàbá rẹ̀ ní kò tíì sí all-rounder tó dà bí Andrew Flintoff, ọmọ England, torí ó fojú ara rẹ̀ wo ìdíje Ashes ọdún 2005, èyí tí England àti Australia máa ń bá ara wọn ṣe. Ọmọ ní kí bàbá òun mú ẹ̀rí wá. Ó yọ ìpíndọ́gba bọ́ọ̀lù Flintoff kúrò nínú ìpíndọ́gba bat rẹ̀, ó ní gbèsè ló já sí, ó ní ti Kallis, ọmọ South Africa, lé ní 22. "Èrò ọkàn kì í ṣe ẹ̀rí, Dádì," bó ṣe wí nìyẹn. Bàbá bínú, ó ní ọmọ ń rí òun fín. Èyí tó ká mi lára jù ni pé ó ti gbé ìṣirò yẹn dé ẹgbẹ́ tó ń bá ṣeré, ó sọ fún ọmọ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ kan pé kì í ṣe all-rounder rárá, ọmọ náà sì sunkún. Eré yìí ò fi bẹ́ẹ̀ yé èmi. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń ṣe é, ta ló jàre nínú wọn, báwo ni mo sì ṣe lè dá sí i?

Ìdáhùn:

Àbúrò mi, mo kí ẹ, mo kí bàbá ọmọ náà. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ mi láti dáhùn, torí èmi ni mo máa ń kọ ìwé àmì ayò fún ẹgbẹ́ tí ọmọ mi wà. Gbogbo òǹkà tí ọmọ rẹ ń tọ́ka sí yẹn, ẹnì kan ló jókòó tó kọ ọ́ sílẹ̀, bọ́ọ̀lù kan tẹ̀ lé òmíràn. Mo mọ ohun tó ń wọ inú ìwé náà, mo sì mọ ohun tí kì í wọ̀ ọ́.

Má pa ọmọ náà lẹ́nu mọ́. Ọmọ tó ní kí àgbà fi ẹ̀rí ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn kò rí àgbà fín, kó ṣáà ti mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ohun tó kù kó mọ̀ ni pé òǹkà kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè tó ń dáhùn, ìbéèrè tó sì fi òǹkà rẹ̀ dáhùn kọ́ ni bàbá rẹ̀ ní lọ́kàn.

Wo Flintoff yẹn. Nínú Test 79, ìyẹn eré ọlọ́jọ́ púpọ̀ láàárín orílẹ̀-èdè méjì, run 3,845, ìyẹn àmì ayò tó fi bat gbà, ló kó jọ, ìpíndọ́gba rẹ̀ 31.77, ìyẹn iye run tó ń kó kí wọ́n tó yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Wicket 226 ló gbà, ìyẹn ni pé ìgbà 226 ló fi bọ́ọ̀lù yọ ẹni tó ń lo bat, run tó sì ń fi sílẹ̀ kó tó gba ẹyọ kan jẹ́ 32.78. Ní ti bat, bí òǹkà ṣe ga sí ló dára sí. Ní ti bọ́ọ̀lù, bó ṣe kéré sí ló dára sí. Yọ èkejì kúrò nínú àkọ́kọ́, ó jẹ gbèsè 1.01. Ọmọ rẹ kò parọ́. Ṣùgbọ́n kó ṣí ọdún 2005 nìkan wò. Nínú Test márùn-ún pẹ̀lú Australia, Australia tí Shane Warne àti Ricky Ponting wà níbẹ̀, tí Ashes sì ti wà lọ́wọ́ wọn látọdún 1989, Flintoff kó run 402 jọ, ó sì gba wicket 24. Ìpíndọ́gba bat rẹ̀ di 40.20, ti bọ́ọ̀lù di 27.29. Ohun tí ọkọ rẹ fojú rí wà nínú ìwé kedere! Òun ló kàn mú Test márùn-ún, tó fi borí gbogbo all-rounder tó ti ń ṣeré látọjọ́ tí wọ́n ti ń ṣe é. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tiẹ̀ ti gbòòrò jù.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ jókòó tì dáadáa ni ìṣirò ìyọkúrò yẹn, torí gbogbo ọmọ tó ń wo kíríkẹ́ẹ̀tì ló ń lò ó, ó sì ń ṣì wọ́n lọ́nà. Garfield Sobers, ọmọ Barbados: 57.78 yọ 34.03, ó ku 23.75. Jacques Kallis ti South Africa: 55.37 yọ 32.65, ó ku 22.72. Ó dára títí dé ibí. Wá sọ fún ọmọ rẹ kó ṣe ti Wally Hammond, ọmọ England tó gbajúmọ̀ ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì: 58.45 yọ 37.80, ó ku 20.65. Kó tún ṣe ti Imran Khan ti Pakistan: 37.69 yọ 22.81, ó ku 14.88. Ṣé Hammond wá ju Imran lọ gẹ́gẹ́ bí all-rounder ni? Nínú Test 85, wicket 83 péré ni Hammond gbà, kò tó ẹyọ kan fún Test kan. Imran gba 362 nínú Test 88, ó lé ní mẹ́rin fún ìkọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń lo bat ni Hammond, tó máa ń bá wọn ju bọ́ọ̀lù díẹ̀díẹ̀. Ìyọkúrò kì í béèrè bí iṣẹ́ tí ẹnì kan ṣe ti pọ̀ tó. Ó tún ní àléébù mìíràn: láàárín àwọn tó dáńtọ́, ìpíndọ́gba bat lè bẹ̀rẹ̀ láti 25 kó dé nǹkan bíi 60, ti bọ́ọ̀lù kì í fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, láti 20 sí nǹkan bíi 38 ni. Nítorí náà, bat ló máa ń gbé bọ́ọ̀lù mì nínú ìṣirò náà, ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù jù ló sì máa ń jìyà rẹ̀.

ICC tó ń ṣàkóso eré yìí kì í yọ ọ́ kúrò. Bí wọ́n bá ń to àwọn all-rounder sí ipò, wọ́n máa ń fi àmì tí wọ́n fún ẹni náà lórí bat sọ àmì bọ́ọ̀lù rẹ̀ di púpọ̀, wọ́n á sì fi 1,000 pín in. Ẹni tó ní 800 lọ́wọ́ bat àti 100 lọ́wọ́ bọ́ọ̀lù á ní 80. Ẹni tó ní 400 lọ́wọ́ méjèèjì á ní 160. Bí o bá ro àmì wọn pọ̀ lásán, ẹni àkọ́kọ́ ló máa wọlé. Ẹni tó ronú ìsọdipúpọ̀ yìí mọ ohun tí all-rounder jẹ́, èrò rẹ̀ ló sì fi pinnu ìṣirò tó yẹ. Èyí ni kí ọmọ rẹ gbọ́: kó tó di pé òǹkà sọ̀rọ̀, èrò ẹnì kan ti yàn án.

Mú Sobers àti Kallis, tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Kallis máa ń ju nǹkan bíi bọ́ọ̀lù 69 kó tó gba wicket kan, Sobers ń jù tó 92. Kallis ló borí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá pín in sí Test kọ̀ọ̀kan, wicket Sobers lé ní méjì ààbọ̀, ti Kallis kò pé méjì, ìyẹn ni pé ẹgbẹ́ Sobers ń gbé iṣẹ́ bọ́ọ̀lù lé e lọ́wọ́ ju bí ti Kallis ṣe ń ṣe lọ. Sobers tún lè sáré ju bọ́ọ̀lù tuntun, tó bá yá kó fi ìka yí i, tàbí kó fi ọrùn ọwọ́ yí i. Iṣẹ́ èèyàn mẹ́ta ni, 34.03 yẹn sì da gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ra. Lójú tèmi, Sobers ló ṣíwájú, n kò sì ní yí i padà. Síbẹ̀, ibi tí òǹkà gbé mi dé kí n tó fi èrò kún un jìnnà gan-an, ohun tó sì yẹ kí bàbá ọmọ náà gbà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ nìyẹn.

Bí wọ́n bá fẹ́ kí eré náà gbóná sí i, kí wọ́n wo Imran nínú Test 48 tó fi jẹ́ balógun ẹgbẹ́ Pakistan: bat 52.34, bọ́ọ̀lù 20.26. Ìyọkúrò ọmọ rẹ á fún un ní 32.08, ó ga ju ti Sobers lọ. Àmọ́ ìgbà tó dára jù la mú yẹn. Ẹni tó bá mú ìgbà tó dára jù fún Imran gbọ́dọ̀ mú un fún Sobers náà, àti fún Flintoff ti Dádì.

Ojú àti ìrántí náà ní àìsàn tiwọn, kí ọkọ rẹ má sì bínú. Ọdún 1981, ní Headingley, run 227 ni Australia fi ṣíwájú England, wọ́n sì ní kí England padà wá lo bat lójú ẹsẹ̀. Ian Botham gbá 149, wọn ò sì rí i yọ. Títí di òní, eré Botham ni gbogbo ayé ń pè é. Ṣùgbọ́n run 130 péré ni Australia nílò lẹ́yìn náà, Bob Willis ló sì gba wicket 8, tó fi run 43 péré sílẹ̀, tí Australia fi parí sí 111. Ìrántí gbé ẹni kan lérí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹnì kejì rẹ́. Ìwé àmì ayò kò gbàgbé Willis.

Ìgbà mìíràn sì wà tó jẹ́ pé ìwé nìkan ló kù. Ní Tunbridge Wells lọ́dún 1983, nínú ìdíje ife àgbáyé, India ti pàdánù èèyàn márùn-ún, run 17 péré ló sì wà lọ́wọ́ wọn sí Zimbabwe. Kapil Dev gbá 175, wọn ò rí i yọ, India dé 266, wọ́n sì fi run 31 borí. Kò sí fídíò ọjọ́ yẹn. Ẹni tí òǹkà rẹ̀ tẹ̀ lé ti Kapil nínú ìwé ni Syed Kirmani, 24. Mo ti fi 24 yẹn han ọmọ mi ju 175 lọ, torí òun ló ń sọ bí nǹkan ṣe le tó lọ́jọ́ náà.

Ohun tí kì í wọ ìwé wa náà wà. Bí ọmọ kan bá ju bọ́ọ̀lù tó dára, tí ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ já a sílẹ̀, kò sí wicket fún un. Bí òmíràn bá fò dí run mẹ́rin, kò sí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Fún ẹni tó gbá Test 88, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ á máa tún ara rẹ̀ ṣe. Fún ọmọ ọdún 14, kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìyẹn ló mú mi dé ọ̀rọ̀ ọmọ tó sunkún, òun sì ni kó o kọ́kọ́ yanjú. Iye ìgbà tí wọ́n yọ èèyàn la fi ń pín run rẹ̀, kì í ṣe iye ìgbà tó jáde wá lo bat. Ọmọ tó kó run 60 jọ nígbà mẹ́fà, tí wọ́n yọ lẹ́ẹ̀mejì péré, ìpíndọ́gba rẹ̀ 30 ni. Ọmọ tó kó 120 jọ nígbà mẹ́fà, tí wọ́n yọ nígbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ìpíndọ́gba rẹ̀ 20 ni. Ta ló gbé ẹgbẹ́ ró nínú wọn? Jẹ́ kí ọmọ rẹ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìṣirò yìí, pẹ̀lú bíírò àti ìwé, kó sì lọ bá ọmọ yẹn tọrọ àforíjì kí wọ́n tó tún jọ ṣeré. Ní ti òun àti bàbá rẹ̀, kí wọ́n kọ ìbéèrè wọn sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mú fóònù: ṣé gbogbo ọjọ́ ayé ẹni náà lórí pápá ni, ṣé ìgbà tó dára jù ni, àbí ìdíje kan ṣoṣo? Bí wọ́n bá fẹnu kò lórí ìyẹn, kí wọ́n máa bá ìjà wọn lọ. Ìwọ náà jókòó tì wọ́n, eré náà á yé ẹ níbẹ̀.