Ẹ má fà á jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì

Arábìnrin tó gba ajá lọ́wọ́ ẹni tó ń lù ú, tó ní ó ti di ọjọ́ kẹrin tó ti ká mọ́ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí kì í jẹun àfi lóru, tó sì ń béèrè bóyá kí òun fi okùn fà á jáde kí ó lè mojú ilé: mo bẹ̀ yín, ẹ má fà á. Mo ti ṣe irú rẹ̀ rí, àpá rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni mo gba abo ajá kan lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ tà á fún apẹran. Okùn tí wọ́n fi so ó ti wọ ọrùn rẹ̀ débi pé irun kò hù níbẹ̀ mọ́. Mo sọ ọ́ ní Fọkànbalẹ̀, nítorí ohun tí mo ń tọrọ fún un nìyẹn. Nígbà tí a dé ilé wa ní Ayétòrò, níbí ní Òṣogbo, abẹ́ tábìlì ilé ìdáná ló wọ̀, kò sì jáde. Ní ọjọ́ kẹta, ojú ń kán mi láti wẹ̀ ẹ́ nítorí eégbọn, mo bẹ̀rẹ̀, mo na ọwọ́ sí i. Ó sì ti kìlọ̀ fún mi: ó ká ìrù mọ́ abẹ́ ikùn, ó lẹ etí mọ́ orí, funfun ojú rẹ̀ yọ, ó ń fi ahọ́n lá imú, ó ń yán, ó sì kùn lẹ́ẹ̀mejì. Èmi rò pé oorun ló ń kùn ún. Ó bù mí jẹ.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Bí ajá bá bu ènìyàn jẹ, tàbí tí èékánná rẹ̀ ha á lára, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni kí ẹ fi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi. Abẹ́rẹ́ náà ju ẹyọ kan lọ, ẹ gbà á pé. Bí àìsàn yìí bá ti hàn lára ènìyàn tán, ó ṣọ̀wọ́n gidigidi kí ẹnikẹ́ni tó yè é. Wọ́n ní kí n máa ṣọ́ ajá náà fún ọjọ́ 10, ohunkóhun kò sì ṣe é. Ẹ̀yin, ẹ má dúró dìgbà tí ó bá bu ènìyàn jẹ: ẹ pe dókítà ẹranko wá sílé kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, fún abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, oògùn aràn àti oògùn eégbọn.

Wàrà-wàrà ni à ń yọ oró iná, ṣùgbọ́n oró ẹ̀rù kì í yọ bẹ́ẹ̀. Mo tẹ́ àpò ìrẹsì àti ìró àtijọ́ kan sí igun tí ẹsẹ̀ kì í pọ̀, mo gbé omi síbẹ̀, mo sì kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n má ṣe sún mọ́ igun náà, kí wọ́n má sì tẹjú mọ́ ajá náà, nítorí ìjà ni ajá ń ka ìyẹn sí. Ní alaalẹ́, bí ilé bá ti pa rọ́rọ́, n ó jókòó sílẹ̀, n ó kọ ẹ̀gbẹ́ sí i, n ó máa ṣa ẹ̀fọ́, n ó sì máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ kí ó lè mọ ohùn mi. N ó ju ègé panla kan sí àárín àwa méjèèjì, n kò sì ní wò ó bí ó bá wá mú un. Lálẹ́ ọjọ́ kọkàndínlógún, mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀, panla wà nínú rẹ̀, mo ń fi ọwọ́ kejì ṣa ṣọkọ̀ lọ. Mo gbọ́ èémí gbígbóná lórí ọwọ́ mi, irun ẹnu rẹ̀ rìn mí ní àtàǹpàkò, ó sì fi ètè nìkan mú ẹja náà, eyín kò kàn mí rárá. N kò lè mí.

Bí tiyín bá kùn, ẹ padà sẹ́yìn. Ẹ má nà án. Ajá tí a bá nà nítorí pé ó kùn yóò kọ́ láti máa bu ènìyàn jẹ láìkùn. Ní ti oúnjẹ, ẹ má fún un ní egungun adìyẹ sísè, nítorí ó máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ ẹlẹ́nu ṣóṣóró tó lè gún ìfun. Àlùbọ́sà náà sì ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, nítorí náà lọ́tọ̀ ni mo ń se tirẹ̀, ṣáájú kí n tó dín ata.

Géètì ni kí ẹ ṣọ́ jù. Ajá tó ń bẹ̀rù kò tíì mọ ọ̀nà ilé; bí ó bá já lẹ́ẹ̀kan, kò ní dúró gbọ́ orúkọ. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ mú un jáde, okùn tó gba àyà kọjá ni kí ẹ lò, kì í ṣe èyí tó há ọrùn. Lóṣù Kejìlá, tí àwọn ọmọdé bá ń yin nọ́káòtù, tàbí lóṣù Kẹjọ nígbà ọdún Ọ̀ṣun, tí ìlù àti èrò bá gba ìlú kan, inú yàrá ni tèmi ń wà, rédíò á sì máa sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Pé tiyín ń jẹun lóru, ìròyìn ayọ̀ nìyẹn. Bí kò bá mu omi rárá fún odindi ọjọ́ kan ni kí ẹ pe dókítà kíákíá. Lálẹ́ òní, ẹ gbé àwo rẹ̀ sí ẹ̀bá bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ jókòó síbi tí ó ti lè gbọ́ ohùn yín, kí ẹ sì kọ ẹ̀yìn sí i.