Ṣé Jakob Hutter ló dá àjọní sílẹ̀?

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé kí ni àjọní àwọn ọmọlẹ́yìn Jakob Hutter túmọ̀ sí, ṣé òun náà ló sì dá a sílẹ̀.

Àjọní ni pé kí gbogbo ìjọ jọ ni ohun gbogbo, kí ẹnikẹ́ni má ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Hutter kọ́ ló dá a sílẹ̀. Ní 1528, nǹkan bí 200 àgbàlagbà lára àwọn Kristẹni tí wọ́n ń pè ní Anabaptist ṣí kúrò ní Nikolsburg ní Moravia, ilẹ̀ Czech òde òní. Lójú ọ̀nà, wọ́n tẹ́ aṣọ ìlékè kan sílẹ̀, kálukú sì kó ohun tó ní lé e lórí. Ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 2 àti 4, níbi tí àwọn onígbàgbọ́ ti jọ ní ohun gbogbo, ti wà lọ́kàn wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ìyà ọ̀nà ló sọ ọ́ di dandan: àwọn kan lówó, àwọn kan ò ní nǹkan kan, gbogbo wọn sì gbọ́dọ̀ jẹun.

Tyrol, ilẹ̀ olókè tó wà láàárín Austria àti Italy òde òní, ni Hutter, tó jẹ́ olórí Anabaptist, ti wá. Iṣẹ́ fìlà ló ń ṣe, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti jáde. Láti 1529, ikú ni òfin ìjọba ilẹ̀ Jámánì dá fún ẹni tó bá tún ìrìbọmi ṣe, nítorí náà ó ń rán àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sí Moravia lọ́wọ̀ọ̀wọ́. (“Atúnnibatisí” ni ìtumọ̀ Anabaptist; àwọn ọ̀tá ló sọ wọ́n bẹ́ẹ̀. Lójú tiwọn, èyí tí a ṣe fún ọmọ ọwọ́ kì í ṣe ìrìbọmi rárá.)

Ní 1533 Hutter wá jókòó sí Auspitz ní Moravia. Wọ́n bá owó tí olórí ìjọ ibẹ̀, Simon Schützinger, fi pamọ́, bíi ti Anania inú Bíbélì. Wọ́n yọ ọ́, Hutter sì gba ipò. Láàárín ọdún méjì péré ló mú àjọní dúró gírí kí Ọba Ferdinand tó ń ṣàkóso ilẹ̀ náà tó lé wọn kúrò nílé ní 1535. Hutter padà sí Tyrol, wọ́n mú un, wọ́n sì dáná sun ún ní Innsbruck ní February 1536.

Ẹ má fi àjọní yìí wé èsúsú o. Ẹni tó ń dá èsúsú mọ̀ pé òun yóò kó o lọ́jọ́ kan. Èyí kò ní ọjọ́ kíkó. Ẹni tó bá fi ìjọ sílẹ̀ kì í gba ìpín.

Ní Kánádà àti Amẹ́ríkà lónìí, bí abúlé àwọn ọmọlẹ́yìn Hutter bá ti tó nǹkan bí 150 ènìyàn, wọ́n á ra ilẹ̀ tuntun, wọ́n á sì pín sí méjì. Láàárín àwọn kan nínú wọn, gbogbo ìdílé ló ń di ẹrù, títí kèké yóò fi sọ ìhà tó máa lọ.