Breakpoint mi kò mú object tí mo ń wá

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń kọ program Java fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, IntelliJ IDEA (ohun èlò tí a fi ń kọ program) ni mo sì ń lò. Class Account (class ni àwòṣe tí a fi ń ṣe object, bí àkáǹtì kọ̀ọ̀kan) ni bàbá. SavingsAccount àti AjoAccount ni ọmọ. Owó inú àkáǹtì A17 ṣàdédé ń di gbèsè. Mo fi breakpoint (àmì tó ń dá program dúró lórí ìlà kan) sínú withdraw, method (àkójọ àṣẹ) tó ń yọ owó, tó wà nínú Account, àmọ́ àkáǹtì àwọn ẹlòmíì ló ń dá program dúró ṣáá. A17 kò dúró níbẹ̀ rí. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Gbólóhùn yín tó kẹ́yìn ló ṣe pàtàkì jù. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé AjoAccount ni A17, àti pé AjoAccount ti kọ withdraw tirẹ̀ láìpe super.withdraw, ìyẹn withdraw ti bàbá. Irú object tó wà nílẹ̀ gan-an ni Java ń wò kó tó mọ withdraw tí yóò ṣiṣẹ́, ì báà jẹ́ Account lẹ kọ sí iwájú variable náà. Ìlà tí ẹ sàmì sí nínú bàbá kò kan irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ má wá torí ìyẹn lọ fi breakpoint sínú gbogbo withdraw. Ẹni tó ń yí balance (iye owó inú àkáǹtì) padà lẹ ń wá, ó sì lè máà jẹ́ withdraw rárá. Ẹ lọ síbi tí ẹ ti kéde field balance (àyè tí object fi ń tọ́jú iye náà) nínú Account, kí ẹ tẹ ẹ̀gbẹ́ ìlà náà. Àmì ojú ni yóò yọ síbẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, ìlà yòówù tó bá fẹ́ kọ nǹkan sínú balance, ti bàbá ni o, ti ọmọ ni o, yóò dúró.

Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún mouse tẹ àmì náà, kí ẹ sì kọ èyí sínú àpótí Condition:

"A17".equals(getNumber())

getNumber ni method tó ń mú nọ́ńbà àkáǹtì wá. Ẹ jẹ́ kí "A17" ṣíwájú bẹ́ẹ̀, torí inú constructor (ibi tí a ti ń dá object sílẹ̀), nọ́ńbà lè ṣì jẹ́ null (kò tíì ní iye). Ẹ má sì lo == fún String (ọ̀rọ̀ bíi "A17").

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń kọ balance < 0 síbẹ̀. Kò ní ṣiṣẹ́ bí ẹ ṣe rò, nítorí kí iye tuntun tó wọlé ni program ti dúró. Iye àtijọ́ ni condition náà ń rí.

Tó bá dúró, ẹ wo Frames (àtòkọ àwọn method tó pe ara wọn): ìlà òkè ni ibi tí wọ́n ti fẹ́ yí balance padà, àwọn tó pè é wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ wo this (object tí method náà ń ṣiṣẹ́ lé lórí) nínú Variables, orúkọ class rẹ̀ gan-an yóò hàn.

Tí ẹ bá ti rí i, mo bẹ̀ yín, ẹ sọ balance di private (kí class mìíràn má lè fọwọ́ kàn án tààrà), kí method kan ṣoṣo nínú Account máa yí i padà. Lọ́jọ́ mìíràn, breakpoint kan lásán nínú method yẹn yóò tó yín.