Scan ọkàn kan ṣoṣo, àwòrán méjì: èwo ni ká gbà gbọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ṣe scan ọkàn fún bàbá mi, èyí tí wọ́n ń gún abẹ́rẹ́ technetium, oògùn tó ń tú ìtànṣán jáde, fún èèyàn kó tó lọ dùbúlẹ̀ sábẹ́ kámẹ́rà. Wọ́n ní nígbà tí àwọn fi ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní FBP ṣe àwòrán ẹ̀, ìsàlẹ̀ ọkàn ṣókùnkùn díẹ̀, àmọ́ nígbà tí wọ́n fi ọ̀nà míì, OSEM, ṣe é, ibẹ̀ mọ́. Scan kan náà ni o! Èwo ni ká gbà gbọ́, àbí kí wọ́n tún un ṣe ni?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, fọkàn balẹ̀, scan kan lè bí àwòrán méjì láìsí pé ẹnikẹ́ni parọ́. Kámẹ́rà yẹn ò ya ọkàn bí fóònù ṣe ń ya fọ́tò, ńṣe ló ń yí àyà ká, ìdajì òbìrìkítí lọ́pọ̀ ìgbà, tó ń ka ìtànṣán tó ń jáde lára, kọ̀ǹpútà á wá fi iye tó kà ṣírò ibi tí oògùn náà wà. FBP àti OSEM, ọ̀nà ìṣírò ni àwọn méjèèjì.

FBP ló ti wà tipẹ́, ó yá, àmọ́ filter, ìyẹn ìṣírò tó fi ń sẹ́ àwòrán, máa ń yọ iye kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibikíbi tó bá tàn jù. Ẹ̀dọ̀ àti ìfun sì máa ń gba oògùn yìí dáadáa, ìsàlẹ̀ ọkàn ni wọ́n sì sún mọ́, torí náà tí ẹ̀dọ̀ bá ń tàn yòò, FBP lè jẹ nínú iye tó jẹ́ ti ọkàn, ibẹ̀ á ṣókùnkùn, wọ́n á rò pé ẹ̀jẹ̀ ò débẹ̀. Ó máa ń dùn mí, torí èèyàn lè tìtorí òjìji lásán dẹni tí wọ́n ń ti wáyà bọ iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn ẹ̀.

OSEM tí Hudson àti Larkin gbé jáde ní 1994 ò ṣe báyẹn. Ó máa fojú bu àwòrán kan, á ṣírò ohun tó yẹ kí kámẹ́rà kà tó bá jẹ́ pé bó ṣe rí nìyẹn, á fi wé ohun tó kà lóòótọ́, á ṣàtúnṣe, á tún ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i. Òun ni mo fara mọ́ jù.

Àmọ́ má rò pé ó tán síbẹ̀ o. Iṣan tó pín àyà àti ikùn máa ń dí ìtànṣán lọ́nà, pàápàá lára ọkùnrin, OSEM nìkan ò lè yanjú ìyẹn àfi tí wọ́n bá fi CT, ìyẹn X-ray tó ń fi inú ara hàn, kún un tàbí kí wọ́n ní kí bàbá dojú bolẹ̀. Ìtànṣán tó ń fọ́n jáde láti inú ìfun náà lè ta sórí ọkàn, kó wá bo ibi tí àìsàn wà lóòótọ́ mọ́lẹ̀.

Torí náà, bi dókítà bóyá ibi tó ṣókùnkùn yẹn wà nígbà tí bàbá sinmi àti nígbà tí wọ́n mú ọkàn ẹ̀ ṣiṣẹ́, àti bóyá ibẹ̀ ń fún pọ̀ dáadáa. Tó bá wà nínú méjèèjì, tó sì ń fún pọ̀ dáadáa, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òjìji. Bi í bóyá ẹ̀dọ̀ tàn jù náà.

Ní ti kí wọ́n tún un ṣe, má tíì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n fún abẹ́rẹ́ tuntun, tí wọ́n bá ṣì ní iye tí kámẹ́rà kà lọ́wọ́, wọ́n lè tún un ṣírò láìfọwọ́ kan bàbá. Tó bá sì di pé wọ́n fẹ́ ṣe òmíì lọ́jọ́ iwájú, sọ fún wọn kí wọ́n fi ọ̀nà kan náà ṣe é, torí agbára tí ọkàn fi ń tú ẹ̀jẹ̀ jáde náà lè yí díẹ̀ tí ọ̀nà ìṣírò bá yí, ẹ á wá máa rò pé ara bàbá ló yí padà.