Ìdí tí aago kọ̀ǹpútà fi ń yí padà bí iná bá lọ

Ìbéèrè: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Kọ̀ǹpútà kan wà ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Adó-Èkìtì, Linux ni ó ń lò, a kò sì so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Aago rẹ̀ a máa fi nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ yára lójúmọ́. Bí iná bá lọ tí a sì tún un tàn, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Ṣé bátìrì inú rẹ̀ ni ó ti kú? — Òǹkàwé, Adó-Èkìtì.

Ìdáhùn: Kì í ṣe bátìrì. Bí bátìrì bá kú, ọjọ́ àti wákàtí ni yóò ti dàrú pátápátá nígbà tí ẹ bá tan ẹ̀rọ náà. Bí ó bá ti tàn tán, òǹkà inú pírósẹ́sọ̀ (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) tí à ń pè ní TSC ni kernel, ìyẹn ọkàn Linux tí ó ń darí ẹ̀rọ, sábà máa ń gbára lé láti mọ aago. Òǹkà yìí kò mọ ìṣẹ́jú àáyá. Iye ìgbà tí aago pírósẹ́sọ̀ ti lù nìkan ni ó ń kà. Àwọn pírósẹ́sọ̀ tuntun kan a máa sọ iye ìgbà tí ó ń lù ní ìṣẹ́jú àáyá kan fún kernel fúnra wọn, ṣùgbọ́n lórí àwọn ti àtijọ́, kernel ní láti wọ̀n ọ́n, nítorí pé iye tí wọ́n kọ sára páálí kò péye tó.

Aago mìíràn tí a ti mọ ìwọ̀n rẹ̀ ni ó fi ń wọ̀n ọ́n, bí irú èyí tí à ń pè ní PIT, tí ó ń lù ní ìgbà 1,193,182 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí: kí ẹ̀rọ má baà pẹ́ kí ó tó tàn, àkókò kúkúrú ni ó fi ń wọ̀n ọ́n. Bí ó bá fi ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá ṣì í nínú ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, àṣìṣe náà ti di ẹyọ kan nínú 10,000, èyí tí yóò di ìṣẹ́jú àáyá 8.64 lójúmọ́. Níwọ̀n ìgbà tí ó ń wọ̀n ọ́n lákọ̀tun ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tan ẹ̀rọ, àṣìṣe náà lè yí padà, iná kì í sì í dúró lọ́dọ̀ wa ní Èkìtì.

Linux òde òní a máa tún un wọ̀n fún odindi ìṣẹ́jú àáyá kan lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti tàn, irú àṣìṣe kan náà kò sì ní ju ìṣẹ́jú àáyá 0.0864 lọ lójúmọ́. Ẹ tẹ dmesg, àṣẹ tí ó ń fi ohun tí kernel kọ sílẹ̀ hàn, kí ẹ wá ìlà tí ó ní “Refined TSC clocksource calibration”. Bí kò bá sí níbẹ̀, tí pírósẹ́sọ̀ yín sì jẹ́ ti àtijọ́, ẹ fi kernel tuntun sí i. Ẹ̀yìn èyí ni kí ẹ tó fi chrony, ètò tí ó ń fi íntánẹ́ẹ̀tì tún aago ṣe, sí i, kí ẹ sì máa fi fóònù so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì lóòrèkóòrè: chrony a máa kọ ìwọ̀n tí aago fi ń yẹ̀ pamọ́, ohun tí ó kọ kò sì lè wúlò bí ìwọ̀n náà bá ń yí padà nígbàkúùgbà tí iná bá lọ.