Ẹ Bi Ìyá Nọ́ọ̀sì: Ṣé oògùn oníke lè dípò estrogen?

ÌBÉÈRÈ: Ìyá Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti lé lọ́dún méjì tí mo ti rí nǹkan oṣù mi gbẹ̀yìn. Ooru kì í jẹ́ kí n sùn lóru, ikùn mi sì ń yọ síwájú, bẹ́ẹ̀ n kò jẹun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi wò láàárọ̀ kí n tó fẹnu kan nǹkan, wọ́n ní 118 ni. Ọ̀rẹ́ mi kan lọ́jà wá gbé ike mẹ́ta wá, chromium, cinnamon àti berberine, ₦38,000. Ó ní wọ́n á dípò estrogen, họ́mọ̀nù obìnrin, tó ti tán lára mi. Mò ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣé kí n lò ó? (Àlájà aláṣọ, Pàkátà, Ìlọrin)

ÌDÁHÙN: Àlájà, ẹ kú ọjà o. Ẹ má tíì ṣí ike kankan.

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín. Estrogen wà lára ohun tó ń ran ínsúlínì lọ́wọ́ láti kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú iṣan. Bó bá ti dínkù, ọ̀rá tó máa ń jókòó sí ìdí àti itan á kó wá sí ikùn, iṣan ara á máa joro, ínsúlínì á sì wà níbẹ̀ láìrí iṣẹ́ ṣe tó ti tẹ́lẹ̀. Àìsùn náà tún ń dá kún un. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀kánjúwà kàn yín.

Ṣùgbọ́n kò sí estrogen nínú ike mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ti chromium, àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò lórí ẹ̀. Cinnamon tí wọ́n sábà ń tà ní coumarin nínú, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ bó bá pọ̀ jù. Berberine ló ń kọ mí lóminú jù. Ó lè fa ṣúgà wálẹ̀ díẹ̀, n kò ní purọ́, àmọ́ ó máa ń da inú rú, ó sì lè mú kí oògùn mìíràn pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru! Ẹni tó bá fi kún oògùn ìtọ̀ ṣúgà, ṣúgà rẹ̀ lè já wálẹ̀ débi tí á fi dákú. Ẹ yí ike náà sẹ́yìn, kí ẹ wá lẹ́tà wínníwínní ìsàlẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ irú wọn tí NAFDAC fún ní nọ́ńbà, ẹ óò rí i kà pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe wò. Nọ́ńbà yẹn náà ni wọ́n fi ń dẹ́rù sí wa lórí.

118 kì í ṣe ìtọ̀ ṣúgà. Kò yẹ kó tó 100; bó bá dé 126 tí wọ́n tún un wò tó sì rí bẹ́ẹ̀, ìgbà yẹn ni. Àárín ni ẹ wà. Ní Amẹ́ríkà, àyẹ̀wò tí wọ́n gbé jáde ní 2002 lo ènìyàn tó lé ní 3,000 tí ṣúgà wọn wà láàárín báyìí. Àwọn tó dín sísanra kù tí wọ́n sì ń rìn, 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, ewu ìtọ̀ ṣúgà wọn fi 58% dínkù. Àwọn tó gba metformin, oògùn ìtọ̀ ṣúgà, 31%.

Nítorí náà, ẹ sọ̀ kalẹ̀ nínú Màrúwá, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà. Màsà oníṣúgà pẹ̀lú kúnú láàárọ̀, ẹ dín in kù gidigidi. Wàrà àti ẹ̀wà ló ń tọ́jú iṣan. Túwó kò di èèwọ̀, òkèlè ni kó kéré.

Ẹ kó ike mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín sínú báàgì kan lọ bá dókítà. Ẹ ní kí wọ́n ṣe HbA1c fún yín, ìyẹn á sọ bí ṣúgà ṣe rí láti bí oṣù mẹ́ta. Ẹ sọ ti ooru òru náà. Ìtọ́jú họ́mọ̀nù wà fún un, àmọ́ wọn kì í torí ṣúgà fúnni, kò sì bá gbogbo ènìyàn lára mu. Wọ́n á kọ́kọ́ bi yín bóyá jẹjẹrẹ ọmú wà nínú ẹbí.