Tí Àṣírí Ọkọ Oníyàwó Méjì Bá Tú, Báwo Ni Ẹ̀rín Kò Ṣe Ní Gbẹ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń kọ eré aláwàdà kan fún orí ìtàgé. Ọkùnrin kan tó ń tún lífìtì ṣe ló fẹ́ ìyàwó méjì, Àdùkẹ́ àti Bọ́lá, ọ̀kan ò sì mọ̀ pé èkejì wà. Mo fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún àwọn òǹwòran títí dé òpin apá kìíní, kó lè bá wọn lójijì; ibi ọjọ́ ìbí ọ̀rẹ́ kan ni àwọn obìnrin náà ti pàdé. Àwọn tó bá mi kà á ní apá kejì ò pa àwọn lẹ́rìn-ín mọ́, wọ́n tún ní ọkùnrin náà ń bí àwọn nínú. Ẹnì kan ní kí n dín irọ́ rẹ̀ kù. Ṣé kí n dín in kù? Ojú ìwé 124 ló jẹ́. Ṣé kò ti gùn jù?

Ìdáhùn: Ẹ má dín irọ́ rẹ̀ kù rárá. Ibi tí ẹ gbé àṣírí náà sí ni ìṣòro wà. Ẹ fi pamọ́ fún àwọn tó yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, ìyẹn àwọn tó sanwó wọlé wá wòran. Nígbà tí ọkùnrin yín bá sọ fún Àdùkẹ́ lọ́gànjọ́ òru pé lífìtì kan há, tó sì gbé àpò irinṣẹ́ kọ́ èjìká, òṣìṣẹ́ tó ń lọ síbi iṣẹ́ ni òǹwòran tí kò mọ nǹkan kan máa rí. Kò sí ẹ̀rín níbẹ̀. Ẹni tó ti mọ̀ pé Bọ́lá ń dúró dè é lódìkejì ìlú yóò máa wo àpò náà, yóò máa wo ojú Àdùkẹ́, ẹ̀rín yóò sì ti gbà á kí ọkùnrin náà tó dé ẹnu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sọ, àpò kan náà ló gbé. Àṣírí tó bá ni lójijì ò lè ya ni lẹ́nu ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àmọ́ èyí tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ lè pa wá lẹ́rìn-ín ní gbogbo ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 161 ṣáájú ìbí Jésù, Terence, òǹkọ̀wé eré ní Róòmù, gbé eré kan jáde tó ń jẹ́ Phormio. Àgbàlagbà kan wà níbẹ̀, Chremes, tó ní ìyàwó nílé ní Athens, tó tún lọ fi orúkọ mìíràn, Stilpo, fẹ́ obìnrin kan ní erékùṣù Lemnos. Kí ẹnikẹ́ni tó pè é ní Stilpo létí wa, òun àti arákùnrin rẹ̀ ti sọ̀rọ̀ tó tó kí á lóye pé ó ń bẹ̀rù kí ìyàwó rẹ̀ má gbọ́ nǹkan kan. Ìgbà tó yá, obìnrin tó tọ́ ọmọ tó bí sí Lemnos pàdé rẹ̀ níwájú ilé rẹ̀ gan-an, ó sì pè é ní Stilpo. Chremes bẹ̀ ẹ́ pé kó sún kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn díẹ̀, kó má sì fi orúkọ yẹn pe òun mọ́. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọkùnrin kan ní kí obìnrin kan sún sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n a mọ ẹni tó wà nínú ilé.

Ohun kan tún wà nínú eré yẹn tí mo fẹ́ kí ẹ mú lò. Àwáwí tí Chremes fi ń lọ sí Lemnos ni pé òun ń lọ gba owó ilẹ̀ ìyàwó òun tó wà níbẹ̀. Àmọ́ ìyàwó náà ti ń ráhùn pé bàbá òun máa ń rí tálẹ́ńtì fàdákà méjì, owó ńlá láyé ìgbà yẹn, lórí ilẹ̀ ọ̀hún déédéé, kí ló dé tí ọkọ òun ò rí tó bẹ́ẹ̀? Obìnrin náà rò pé àìbìkítà ni. Àwáwí tó dáa máa ń ní ihò báyìí, ẹni tí wọ́n ń parọ́ fún á sì ti fi ìka kàn án láìmọ̀. Ọkùnrin tiyín ń jáde lóru ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà. Ẹ jẹ́ kí Àdùkẹ́ rọra béèrè bó ṣe ń ká aṣọ: "Gbogbo òru tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ yìí, owó rẹ̀ dà?" Látorí ìbéèrè yẹn, ó di dandan kí ó wá owó tí kò ṣiṣẹ́ fún, èyí á sì bí irọ́ mìíràn fún yín láìjẹ́ pé ẹ wá a kiri.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ ti inú tó ń bí àwọn òǹkàwé yín. Inú ń bí wọn nítorí pé ọkùnrin náà fẹ́ obìnrin méjì nítorí pé ó wù ú, kò sì sí ìdí mìíràn. Àwọn tó ń kọ fíìmù aláwàdà ní Amẹ́ríkà láyé ọjọ́un kò lè kọ irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ kódà tí wọ́n bá fẹ́. Láti 1934 ni wọ́n ti mú òfin tí wọ́n ń pè ní Hays Code le, títí di 1968, òfin náà ò sì gbà kí àgbèrè di ohun tó wuni lójú àwọn òǹwòran. Wọ́n wá ń wá ọ̀nà tí èèyàn rere fi lè ní ìyàwó méjì láìmọ̀. Nínú My Favorite Wife, tó jáde ní 1940, ọkọ̀ ojú omi rì, wọn ò sì gbúròó ìyàwó fún ọdún 7. Adájọ́ tó kéde pé ó ti kú náà ló so ọkọ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ìyàwó tuntun, ọjọ́ yẹn gan-an ni ẹni tí wọ́n ní ó kú wọlé dé. Ta ló lè bínú sí ọkọ yẹn? Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ò ju pé kò rójú sọ òótọ́ fún ìyàwó tuntun, irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ sì wà nínú gbogbo wa.

Kò pọn dandan kí ọkọ̀ rì nínú tiyín. Ẹ jẹ́ kí òun àti Àdùkẹ́ ti kọ ara wọn, kó sì gbà tọkàntọkàn pé ilé ẹjọ́ ti parí ọ̀rọ̀ náà. Ó fẹ́ Bọ́lá. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́tà dé pé ìwé kan kù tí wọn ò fọwọ́ sí, ìgbéyàwó àkọ́kọ́ ṣì dúró, adájọ́ yóò sì gbọ́ ẹjọ́ náà lọ́jọ́ Ẹtì. Kó tó ka lẹ́tà náà tán, Àdùkẹ́ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà tòun ti báàgì: ó ti dárí jì í, ó sì ti padà wá. Ní báyìí, irọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ ti di àánú, ọjọ́ sì ti dá fún un. Tí òfin ibi tí eré yín ti wáyé bá gba ìyàwó méjì, ẹ wá ìdí mìíràn tó lágbára, torí àwọn òǹwòran yóò béèrè pé kí ló dé tí kò kàn sọ ọ́, wọn ò sì ní rẹ́rìn-ín títí ẹ óò fi dá wọn lóhùn.

Iṣẹ́ tí ẹ fún un ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, ẹ ò sì tíì lò ó. Ẹ ní àwọn obìnrin náà pàdé níbi ọjọ́ ìbí ọ̀rẹ́ kan. Ẹnikẹ́ni lè pàdé níbi ọjọ́ ìbí. Ẹ há wọn mọ́ inú lífìtì kan náà! Kí Àdùkẹ́ tẹ bọ́tìnnì pàjáwìrì, kí wọ́n sì darí ìpè náà sọ́dọ̀ ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ìyẹn ọkọ wọn fúnra rẹ̀.

ÀDÙKẸ́: Ẹ jọ̀ọ́, a ti há o. Àwa méjì la wà níbí.
OHÙN: Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Ta lẹni kejì?
ÀDÙKẸ́: Àǹtí kan ni. Ó ní ọkọ òun náà ń tún lífìtì ṣe.
BỌ́LÁ: Ẹ bá mi pè é. Bọ́lá ń pè é, ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Ó mọṣẹ́ ju gbogbo yín lọ.
OHÙN, ó ti di ohùn arúgbó: Ó… ó wà lẹ́nu iṣẹ́ kan lọ́wọ́.
ÀDÙKẸ́: Ó dáa, ẹ pe tèmi. Òun náà mọṣẹ́.

Ẹ wo ibi tó há sí. Tó bá tún lífìtì náà ṣe, àwọn méjèèjì á jáde bá a lójúkojú. Tó bá fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n á máa bá ọ̀rọ̀ ọkọ lọ. Ẹ fi wọ́n síbẹ̀ kó pẹ́. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ bí wọ́n ṣe ń di ọ̀rẹ́, kí ọ̀kan sọ bí ọkọ òun ṣe ń hanrun, kí èkejì rẹ́rìn-ín, kí ó wá dákẹ́. Kí wọ́n wo ara wọn. Kí ilẹ̀kùn ṣí. Ọkùnrin náà dúró síbẹ̀, ó fa fìlà bojú, àwọn méjèèjì wò ó bí ẹni tí wọn ò rí rí. Àdùkẹ́ ní, "Ẹ ṣé o, ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́," wọ́n sì di ara wọn lọ́wọ́ mú lọ. Ibẹ̀ ni kí apá kìíní parí.

Ìdáhùn ìbéèrè yín gan-an nìyẹn. Ẹ̀rín yín gbẹ ní apá kejì torí pé ẹ jẹ́ kí àṣírí tú fún gbogbo èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tí gbogbo wọn sì mọ̀, ìjà nìkan ló kù. Ẹ má tú u, ẹ kàn jẹ́ kó máa ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Ní apá kìíní, àwa àti ọkùnrin náà la mọ̀. Ní apá kejì, àwa àti àwọn obìnrin náà la mọ̀ pé wọ́n ti mọ̀, òun nìkan ló wà nínú òkùnkùn, tó ṣì ń sáré láti ilé kan sí èkejì, tó ń yí ohùn padà fún ẹni tí kò nílò rẹ̀ mọ́. Wọ́n á máa fún un níṣẹ́ ṣe. Àdùkẹ́ á ní kó máa bọ̀ ní aago méje, Bọ́lá á ní aago méje náà. Inú ò ní bí ẹnikẹ́ni sí i mọ́, nítorí ìyà ti ń jẹ ẹ́ lójú wa. Chremes náà kò bọ́: ìyàwó rẹ̀ ló rí i níkẹyìn, ó sì ní ọmọkùnrin àwọn ni yóò pinnu bóyá kí òun dárí jì í. Ẹ fi ìdájọ́ sọ́wọ́ Àdùkẹ́ àti Bọ́lá, kí adájọ́ ọjọ́ Ẹtì kàn wá fọwọ́ sí ohun tí wọ́n ti parí sílé.

Kí ẹ tó tún un kọ, ẹ ya àtẹ kan sórí bébà: orúkọ àwọn ẹ̀dá ìtàn lápá kan, ìran kọ̀ọ̀kan lókè, kí ẹ sì kọ ohun tí oníkálukú mọ̀ nígbà tí ìran náà bá parí. Ìran tí kò bá yí ìmọ̀ ẹnikẹ́ni padà, ẹ yọ ọ́, bó ti wù kó dùn tó. Ẹ sì kìlọ̀ fún àwọn òṣèré pé kí wọ́n má fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà ń pani lẹ́rìn-ín. Ẹni tó wà nínú wàhálà yẹn ń jà fún ilé rẹ̀ ni.

Ní ti gígùn: ojú ìwé kan máa ń gbà tó ìṣẹ́jú kan lórí ìtàgé, eré aláwàdà tó ń sáré bí èyí ò sì fara da wákàtí méjì. Ẹ gbé e wá sí nǹkan bí ojú ìwé 90. Inú ìran ọjọ́ ìbí yẹn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé e.